Bí Ènìyàn Bá Kó Sínú Adágún Ẹsítéètì Yín, Ta Ni Yóò Sanwó?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìpolówó ilé tí ẹ ń gbé jáde fún àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ilé náà ìbáà wà ní Katy tàbí Richmond lẹ́bàá Houston, ìbáà wà ní Bowie tàbí Upper Marlboro ní Maryland, tàbí ní ìgbèríko Atlanta, gbólóhùn kan kì í wọ́n níbẹ̀: "ilé etí omi". Wọn á ya àwòrán adágún, pẹ́pẹ́yẹ á máa wẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀rọ á máa fọ́n omi sókè láàárín. Iye ilé náà á sì ga sí i. Ohun tí ìpolówó kì í sọ ni pé ẹni tó ra ilé yẹn ti ra ìpín nínú adágún náà, ó sì ti ra ìpín nínú ẹ̀bi rẹ̀ pẹ̀lú. Ìnṣọ́ránsì tó yẹ kó gbé ẹ̀bi yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Adágún yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òfin omi mímọ́ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1972, tí wọ́n tún fẹ̀ lójú ní 1987 kó lè kan àgbàrá òjò, ló bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi òrùlé, kọnkéré àti ọ̀dà bo ilẹ̀ tí òjò ń rì sí tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ibi tí àgbàrá yóò ti sinmi kó tó wọ odò. Òmíràn máa ń gbẹ bí òjò bá dá, òmíràn ń gba omi dúró látọdún dọ́dún. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó kọ́ ẹsítéètì bá ta ilé tán, wọn á fọwọ́ sí ìwé, wọn á gbé adágún lé ẹgbẹ́ onílé, ìyẹn HOA, lọ́wọ́. Ní Texas ó lè yàtọ̀: ọ̀pọ̀ adágún níbẹ̀ jẹ́ ti àjọ omi agbègbè tí wọ́n ń pè ní MUD. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn nípàdé, ẹ wo ìwé ilẹ̀ ní kàǹtí, kí ẹ mọ orúkọ tó wà lórí adágún náà gan-an. Ìgbìmọ̀ HOA mìíràn ń san ìnṣọ́ránsì lórí omi tí kì í ṣe tiwọn, òmíràn kò san kọ́bọ̀ lórí èyí tó jẹ́ tiwọn. Bí omi bá tilẹ̀ jẹ́ ti MUD, tó bá jẹ́ pé HOA ló fọwọ́ sí ìwé pé òun ni yóò máa gé koríko etí rẹ̀, tí yóò sì máa tọ́jú ẹ̀rọ tó wà láàárín rẹ̀, lọ́yà olùpẹ̀jọ́ yóò kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé ìpẹ̀jọ́.

Ìnṣọ́ránsì tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní general liability, tí ń sanwó bí ẹlòmíràn bá farapa tàbí tí ohun ìní rẹ̀ bá bàjẹ́, tí ẹ̀bi rẹ̀ sì já lé ẹgbẹ́ lórí. Kì í tún adágún ṣe, kì í tún ìsédò mọ, kì í ra ẹja rọ́pò èyí tó kú. Iye tó wọ́pọ̀ jù ni $1,000,000 fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan àti $2,000,000 fún gbogbo ọdún. Ẹ̀ka kékeré kan wà nínú rẹ̀, $5,000 lọ́pọ̀ ìgbà, tí ń san owó ìwòsàn ẹni tó farapa láìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi. Nínú fọ́ọ̀mù tó gbajúmọ̀ jù, CG 00 01, ilé iṣẹ́ adójútòfò ni yóò gba lọ́yà fún ẹgbẹ́, owó lọ́yà yẹn kò sì sí lára $1,000,000 náà. Ẹ má fojú kéré apá yìí. Ọ̀pọ̀ kóòtù Amẹ́ríkà gbà pé omi jẹ́ ewu tí ojú rí, tí ọmọ tó ti lè dá rìn kiri yẹ kó mọ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ onílé máa ń jàre dáadáa nínú ẹjọ́ adágún. Àmọ́ kí wọ́n tó jàre, lọ́yà á ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan tàbí méjì, yóò ti gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹlẹ́rìí, yóò ti háyà ẹnjiníà. Ìwé ìnṣọ́ránsì olówó pọ́ọ́kú kan wà tí owó lọ́yà ń jẹ lára iye tí wọ́n lè san. Ẹ béèrè èwo ni tiyín.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé náà wàyí. Ojú ìwé àkọ́kọ́, declarations, ni mánéjà máa ń gbé sókè nípàdé: orúkọ ẹgbẹ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, iye owó gbàǹgbà-gbangba. Gbogbo ènìyàn á mi orí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àtòjọ fọ́ọ̀mù wà, lẹ́tà tíntìntín, nọ́ńbà àti orúkọ, tó lè tó 30 tàbí 40. Ẹ mú bírò. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo èyí tí ọ̀rọ̀ exclusion, ìyẹn àyọkúrò, bá wà lára orúkọ rẹ̀, ẹ wá fọ́ọ̀mù náà kàn lẹ́yìn ìwé, kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni adágún ti máa ń pòórá kúrò nínú ìwé tí ẹ ń san owó rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni fọ́ọ̀mù tó yọ omi kúrò pátápátá, tó ní ilé iṣẹ́ náà kò ní san ohunkóhun lórí ìfarapa tó bá ti inú adágún, odò tàbí etí wọn wá. Inú ìwé àwọn ilé iṣẹ́ tí ń gba ewu tí àwọn yòókù kọ̀ ni ẹ ti máa ń bá a, àwọn tí wọ́n ń pè ní surplus lines. Ìwé irú wọn kì í tẹ̀lé fọ́ọ̀mù kan náà, bí ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá sì wọko gbèsè, owó àbò ìpínlẹ̀ tí ń gba oníbàárà àwọn ilé iṣẹ́ yòókù sílẹ̀ kì í sábà kàn án. Kò burú láti bá wọn ṣe, ìgbà mìíràn wà tí àwọn nìkan ló máa gbà yín. Ohun tó burú ni kí ẹ má mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ wà.

Ọkọ̀ ojú omi ni ìkejì. Nínú CG 00 01 gan-an, láìsí àfikún kankan, wọ́n ti yọ ọkọ̀ ojú omi kúrò. Wọ́n fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀: ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ nínú ọgbà yín, àti ọkọ̀ tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́, tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26, tí kì í sì í kó èrò fún owó. Ẹ tún un kà: tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí onílé kan fúnra rẹ̀ gbé wá lè wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí ẹgbẹ́ rà mẹ́rin fún àwọn ọmọdé, kò wọlé. Àfikún wà tí wọ́n fi ń dá a padà, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀, àmọ́ ẹni tí kò béèrè, wọn kò ní fún un.

Ìkẹta ni májèlé. Àyọkúrò tó kan ohun tí ń ba omi àti ilẹ̀ jẹ́ le púpọ̀ nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí. Bí agbaṣẹ́ṣe bá da oògùn ewéko sínú adágún, tí oògùn náà ṣàn lọ pa ẹja aládùúgbò tàbí koríko oko rẹ̀, ìwé ẹgbẹ́ lè má dá a lóhùn. Ẹ̀kọ́ kékeré kan nìyí lórí oògùn ọ̀hún: bí wọ́n bá da á sí gbogbo adágún lẹ́ẹ̀kan náà nínú ooru, ewéko á kú pọ̀, jíjẹrà rẹ̀ á fa atẹ́gùn inú omi tán, ẹja á léfòó lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ìdí nìyẹn tí ìwé ara oògùn fi sábà ń ní kí wọ́n tọ́jú ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta kan, kí wọ́n sì dúró bí ọjọ́ 10 sí 14 kí wọ́n tó kan ìyókù. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ parí lọ́jọ́ kan kò fẹ́ ire yín.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àyọkúrò ẹranko, àti ti ìsédò tó bá ya. Màá dé orí méjèèjì.

Kí ìwé náà tó dé ọwọ́ yín, fọ́ọ̀mù ìbéèrè kan ti lọ síwájú, ibẹ̀ sì ni mánéjà tí kò rí ìdí adágún rí ti ń kó ẹgbẹ́ sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Adágún mélòó? Éékà mélòó? Ṣé àwọn ènìyàn ń wẹ̀ nínú rẹ̀? Ṣé ọkọ̀ wà? Ṣé afárá pákó tó yọ sínú omi wà? Etíkun oníyanrìn ńkọ́? Ìsédò ńkọ́, báwo ló ṣe ga tó? Ìsọ̀rí kan wà tí wọ́n fi ń ṣírò owó, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé adágún náà kàn wà níbẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ó rọjú. Ẹgbẹ́ tó gba owó ìsọ̀rí yẹn, tó wá da yanrìn sétí omi, tó tún na afárá pákó sí i fún àwọn apẹja, ti yí ewu padà láìsọ. Bí ẹjọ́ bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ adójútòfò yóò yẹ̀ wò ni ìdáhùn tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù náà. Bí wọ́n bá rí irọ́ tó ṣe gbòógì nínú rẹ̀, wọ́n lè fagi lé gbogbo ìwé. Ẹ gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù yẹn, kì í ṣe ìwé ìnṣọ́ránsì nìkan.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ máa ń ṣe. Wọ́n á ní, "A ní D&O, kò séwu." D&O ni ìnṣọ́ránsì àwọn alákòóso, ó sì wúlò: bí ẹnìkan bá ní ẹ ṣe ìdìbò èrú tàbí ẹ ná owó ẹgbẹ́ ní ìnákúnàá, òun ni yóò dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ó yọ ikú àti ìfarapa kúrò. Ẹjọ́ tó bá sọ pé ìgbìmọ̀ mọ̀ pé àsẹ́ ẹnu páìpù ti jábọ́, tí wọn kò tún un ṣe títí ọmọ fi wọ inú rẹ̀, ìwé liability ni yóò gbé e, kì í ṣe D&O. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1997 tó dáàbò bo àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹgbẹ́ aláìlérè lè gba ọmọ ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí àìbìkítà kékeré. Kò gba ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó bá sì ra umbrella, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó gorí ti àkọ́kọ́ láti fi $1,000,000, $5,000,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un, kí wọ́n wò ó bóyá òun náà kò ní àyọkúrò omi tirẹ̀. Ó máa ń ní.

Wàyí o, kí la lè ṣe létí omi fúnra rẹ̀ tí ẹjọ́ kò fi ní wáyé? Ìwádìí CDC, àjọ ìlera Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2024 sọ pé nínú 100 àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú, bíi 37 ni kò mọ lúwẹ̀ẹ́. Tí a bá kó gbogbo àgbàlagbà orílẹ̀-èdè náà pọ̀, bíi 15 nínú 100 ni. Àjọ náà ló tún ń sọ lọ́dọọdún pé omi ló ń pa ọmọ ọdún 1 sí 4 jù lọ ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ etí omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwa lè fi ṣeré.

Etí adágún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó dára máa ń rọra gẹ̀rẹ̀: bí ilẹ̀ bá wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kó ti rìn síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó yẹ kí pèpéle kan wà lábẹ́ omi, bí ẹsẹ̀ bàtà 10 ní fífẹ̀, tí omi orí rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 1 tàbí 1 àbọ̀ lọ. Ẹni tó bá yọ̀ ṣubú á rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 10, 15, ìgbì omi á ti gbẹ́ abẹ́ etí, eku omi á ti gbẹ́ ihò sí i, koríko á wà lókè bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe, kí ẹni tó ń wa ẹ̀rọ gékoríko tó gorí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá irin gún etí náà ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 50, ẹ ó mọ ibi tí abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo.

Páìpù tí omi ń gbà jáde ni ìkejì. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, kò sí ewu lára rẹ̀. Lọ́jọ́ òjò ńlá, ó lè fa àgbàlagbà. Irin àsẹ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, tí ọmọ kò lè gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa kó ewé kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo òjò, nítorí bí ewé bá dí i, omi á gba orí ìsédò lọ. Bí páìpù náà bá jẹ́ irin tí ara rẹ̀ ṣe bíi ti páànù òrùlé, tí ẹsítéètì sì ti lé lọ́dún 20 sí 25, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti kámẹ́rà bọ inú rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ìpáta ti máa ń jẹ ẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ á máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ òkè á wá jìn lójijì.

Ẹ̀rọ tí ń fọ́n omi sókè ló rẹwà jù, òun náà ló lè pani láìpariwo. Iná 240 fólìtì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, wáyà rẹ̀ sì ń gba etí omi kọjá, níbi tí okùn ẹ̀rọ gékoríko ti lè bẹ́ ẹ lára. Ohun tí ń gbani là ni GFCI, tí ń já iná bí nǹkan bíi ìdá 5 nínú 1,000 ampere kan bá ṣe ń jò lọ síbi tí kò yẹ. Bí wáyà bá ti bẹ́, GFCI á máa já lójoojúmọ́. Onílé á máa ké pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kan á dé, á yọ GFCI, á fi breaker lásán sí i, ẹ̀rọ á sì máa fọ́n omi bí i ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti ọwọ́ bọ omi yẹn láti mú bọ́ọ̀lù ni yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tó bá lè sọ ọ́. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi páìpù bo wáyà títí dé ìsàlẹ̀ omi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọnú adágún lọ tún ẹ̀rọ ṣe láìpa iná, kó sì fi àgádágodo sí i.

Ní Chicago tàbí Minneapolis, ìgbà òtútù ní ewu tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Minnesota ní ó kéré tán, yìnyín tó mọ́ gaara gbọ́dọ̀ nípọn tó íńṣì 4 kí ènìyàn tó rìn lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú adágún kì í jẹ́ kó nípọn tó bẹ́ẹ̀ nítòsí rẹ̀, ojú kò sì lè rí i bí yìnyín bá ti bo orí. Bí ẹ kò bá ní pa ẹ̀rọ náà, ẹ gbé àkọlé síta.

Ọ̀rọ̀ àkọlé náà nìyí: kó dárúkọ ewu. Ní Florida, Orlando, oṣù kẹfà 2016, ọ̀nì gbé ọmọ ọdún 2 létí omi ibi ìgbafẹ́ kan. Àkọlé wà níbẹ̀ tó ní kí ẹnikẹ́ni má lúwẹ̀ẹ́, kò sọ pé ọ̀nì wà. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni wọ́n gbé àkọlé ọ̀nì àti ejò sí i, wọ́n sì ta okùn dí etí omi. Ní oṣù kejì 2023, ní Fort Pierce, ọ̀nì pa ìyá ẹni ọdún 85 tó ń mú ajá rẹ̀ rìn létí adágún àdúgbò àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ajá ló kọ́kọ́ gbá mú. Bí ẹsítéètì yín bá wà ní Florida, ọ̀nì tó bá ti gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, tó sì jọ pé ó lè ṣe ènìyàn tàbí ẹran ọ̀sìn léṣe, ẹ pe ìjọba ìpínlẹ̀ ní 866-392-4286, wọn á rán ẹni wá mú un. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ẹ pè. Fífún ọ̀nì lóúnjẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin níbẹ̀, ìgbìmọ̀ tó bá sì mọ onílé tó ń sọ búrẹ́dì sí i, tí wọn kò sọ nǹkan kan, ti fún olùpẹ̀jọ́ ní ẹ̀rí. Ibi tí àyọkúrò ẹranko ti ń dunni nìyí.

Ọgbà yíká adágún ńkọ́? Èrò tèmi ni pé ọgbà tó ti ya, tí ẹnìkan kò tún ṣe fún oṣù mẹ́fà, burú ju àìsí ọgbà lọ, nítorí ó fi hàn pé ẹ mọ ewu, ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ẹ kò bá lè tọ́jú rẹ̀, ẹ gbin koríko gígùn tó nípọn sétí omi, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn apẹja. Ẹ gbé òrùka agbẹ̀mílà tó ní okùn kọ́ sórí òpó níbi táwọn ènìyàn ti ń wá. Wọ́n á jí òmíràn. Ẹ ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìsédò gba ìwé tirẹ̀, màá gé e kúrú. Adágún tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ògiri iyẹ̀pẹ̀ gbé dúró. Bí ìkejì yìí bá ya, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni yóò gbà á. Ìsédò kan ya ní Toccoa, Georgia, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá 1977, ó pa ènìyàn 39, ìyẹn ló bí òfin ààbò ìsédò Georgia ti 1978. Nínú òjò oṣù kẹwàá 2015 ní South Carolina, ìsédò bíi 50 tí ìjọba ń bójú tó ló ya, ti ẹgbẹ́ onílé sì wà nínú wọn. Ohun tó máa ń ya onílé lẹ́nu ni pé ìsédò lè yí ìsọ̀rí padà láìsí ohun tí ẹgbẹ́ ṣe. Georgia ń pe èyí tó lè pa ènìyàn bó bá ya ní Category I. Ìsédò yín lè jẹ́ Category II lónìí. Kí ẹnìkan kọ́ ilé tuntun sí ìsàlẹ̀ lọ́la, ó ti di Category I, ẹ sì ti jẹ gbèsè ẹnjiníà, ìyọ̀ǹda ìjọba àti àtúnṣe. General liability kò ní san ọ̀kankan nínú ìyẹn. Àpò ìfipamọ́ ẹgbẹ́ ni. Ní Michigan, lẹ́yìn tí ìsédò Edenville ya ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún 2020, ilé iṣẹ́ tó ni ín wọko gbèsè, nígbà tó sì di 2024 wọ́n fọwọ́ sí owó tó lé ní $200,000,000 tí àwọn onílé etí adágún mẹ́rin yóò máa dá fún àtúnkọ́. Ẹ má jẹ́ kí igi hù lórí ìsédò yín. Bó bá kú, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà, omi á rí ihò gbà.

Agbaṣẹ́ṣe tó bá wá ṣiṣẹ́ lórí adágún, mánéjà á gba bébà kan lọ́wọ́ rẹ̀, ACORD 25, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn pé ó ní ìnṣọ́ránsì, yóò sì fi sínú fáìlì. Bébà náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sórí pé òun kò fún ẹni tó gbà á ní ẹ̀tọ́ kankan. Ohun tí ẹ fẹ́ ni àfikún CG 20 10, tó fi orúkọ ẹgbẹ́ sínú ìnṣọ́ránsì agbaṣẹ́ṣe nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, àti CG 20 37, tó bá a dé ẹ̀yìn iṣẹ́. Ẹ gba ẹ̀dà àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ìwé ìnṣọ́ránsì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ oògùn ló ń dà, ẹ fi CG 22 64, àfikún tó wà fún àwọn tí ń da oògùn ewéko, kún un, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ yóò parí.

Èyí kan àwa olóde àríyá. Gbọ̀ngàn ẹsítéètì sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, àwa ni à ń háyà rẹ̀ fún ìkómọjáde àti ọjọ́ ìbí, ọmọdé 30 á máa sáré kiri nígbà tí àwọn òbí ń jó, tí wọ́n ń náwó. Nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ háyà gbọ̀ngàn, ìpínrọ̀ kan á ti sọ pé ẹ̀yin ni yóò ru gbogbo ẹ̀bi, títí kan owó lọ́yà ẹgbẹ́. Ìnṣọ́ránsì ilé yín lè gbé díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n $100,000 ni liability inú ọ̀pọ̀ wọn. Ìnṣọ́ránsì ọjọ́ kan wà fún ayẹyẹ, ẹ rà á, kí ẹ sì san owó fún àgbàlagbà kan tó mọ lúwẹ̀ẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe nǹkan mìíràn ju kó dúró sétí omi. Ẹni tó bá sọ pé "gbogbo wa la jọ ń wò wọ́n", kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹsítéètì ilé 120. Kóòtù dá $3,000,000 fún ẹbí ẹni tó kú, ìnṣọ́ránsì ẹgbẹ́ san $1,000,000, umbrella kò sí. Ó ku $2,000,000, ẹgbẹ́ kò sì ní àpò mìíràn ju tiyín lọ. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, ó lé díẹ̀ ní $16,600 lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Nínú ìnṣọ́ránsì ilé tiyín, ẹ wá ìlà kan tó ń jẹ́ loss assessment, ìyẹn iye tí wọ́n lè bá yín san nínú owó tí ẹgbẹ́ bá dá lé yín lórí. $1,000 ni wọ́n sábà kọ síbẹ̀. Ẹ lè sọ ọ́ di $25,000 tàbí $50,000, owó tí wọ́n máa fi kún un lọ́dún kò pọ̀ rárá. Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ nìkan bí ohun tó fa owó náà bá jẹ́ irú èyí tí ìwé yín gbà: owó tí wọ́n dá nítorí ìsédò tó gbó kò sí níbẹ̀.

Bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá wá dé, ẹ pe 911, lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ adójútòfò lọ́jọ́ náà gan-an, àti sí àwọn tó ni umbrella. Ẹgbẹ́ tó dúró di ìgbà tí ìwé kóòtù dé lè gbọ́ pé ó ti pẹ́ jù. Ẹ ya àwòrán àkọlé, etí omi, àsẹ́ páìpù àti ibi tí iná ti ń wọlé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ bá ẹbí náà kẹ́dùn bó ti yẹ ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ẹ má kọ sórí WhatsApp ẹsítéètì pé "a ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àsẹ́ yẹn ti bàjẹ́". Lọ́yà wọn yóò kà á sókè ní kóòtù. Bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá fèsì pé àwọn yóò gbèjà yín ṣùgbọ́n àwọn fi ẹ̀tọ́ àwọn pamọ́, àyọkúrò kan ni wọ́n ń wò. Ẹ wá lọ́yà tiyín.

Ẹ̀tọ́ yín ni láti rí ìwé wọ̀nyí. Ní Florida àti Texas, bí onílé bá fi ìwé béèrè fún àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ẹ fi certified mail ránṣẹ́, kí ẹ̀rí lè wà. Ẹ fi í ránṣẹ́ ní bí oṣù mẹ́ta kí ìwé ìnṣọ́ránsì tó parí, torí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó ọdún tuntun, yóò ṣòro láti yí nǹkan padà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mo fẹ́ ẹ̀dà odindi ìwé general liability àti umbrella, pẹ̀lú gbogbo àfikún àti àyọkúrò wọn, fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí ẹ kọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò kẹ́yìn, àti ìròyìn ẹnjiníà tó yẹ adágún wò kẹ́yìn." Bí wọ́n bá fún yín ní ojú ìwé kan péré, ìyẹn declarations ni. Ẹ dá a padà, kí ẹ sì béèrè ìyókù.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Òǹkàwé yín kan,
Houston, Texas